Ọmọ ń ròkè òkun, kò sì tíì parí sẹ́kọ́ńdìrì: ìbéèrè táwọn òbí ní Iléṣà ń bi mí

Tísà ni mí, Iléṣà níbí ni mo ti ń kọ́ ọmọ. Kò sí tààmù tó máa kọjá kí òbí kan má wá bá mi pé físà ti fẹ́ jáde, báwo ni ti ìwé ọmọ yìí ṣe máa rí tá a bá débẹ̀. Mo ti sọ ọ́ títí ẹnu ń ro mí, ni mo bá ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹni tó bá fẹ́ máa kà á. England, Kánádà àti Amẹ́ríkà ni mo sọ̀rọ̀ lé lórí jù torí ibẹ̀ làwọn èèyàn wa ń forí lé. Ọ̀rọ̀ físà máa ń yí padà o, ẹ yẹ ojúlé ìjọba ibẹ̀ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni.

SS1 lọmọ mi wà, kò tíì ṣe WAEC. Ṣé wọ́n á gba ìwé ẹ̀ lọ́hùn-ún?

Ìwé wo? Ọmọ tó ṣì wà ní SS1 ò tíì ní ìwé tí ẹnikẹ́ni fẹ́ gbà tàbí kọ̀. Ọ̀pọ̀ òbí rò pé bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ kúrò nílé ìwé kan ní Ìjọ́fì lọ sí òmíràn ní Ìṣokùn náà ni, kí pírínsípà kọ lẹ́tà tíránsífà, kí ọmọ bọ́ sí SS1 lọ́hùn-ún, ó parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ orí ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á fún un ní tẹ́ẹ̀sì díẹ̀, English àti maths ló sábà máa ń jẹ́, ìgbà yẹn ni rìsọ́ọ̀tì tẹ́ ẹ kó lọ máa tó wúlò, torí òun ló máa jẹ́ kí wọ́n mọ súbújẹ́ẹ̀tì tó ti ṣe àti irú sẹ́ẹ̀tì tí wọ́n máa fi sí, ìyẹn ìsọ̀rí tí wọ́n ń pín ọmọ sí bó ṣe mọ̀wé tó.

Ní England, oṣù September ni ọdún ilé ìwé ń bẹ̀rẹ̀, iye ọdún tí ọmọ ti pé nígbà tó fi máa di 31 August ló ń sọ kíláàsì ẹ̀. Ẹni tó ti pé 11 wọ Year 7, ẹni tó ti pé 13 wọ Year 9, ẹni tó ti pé 14 wọ Year 10, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kà á lọ. Kò sí ti pé ọmọ yìí mọ̀wé gan-an, ẹ jẹ́ ó fo kíláàsì kan. Wọn kì í sábà ṣe é.

Ṣé wọ́n á dá a padà sẹ́yìn nìyẹn?

Ó ṣeé ṣe dáadáa, ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ẹ mú ọmọ tí wọ́n bí ní November 2011, tí wọ́n tètè fi sí nọ́sìrì, tó sì ti Primary 5 fò bọ́ sí JSS1 bí ọ̀pọ̀ ilé ìwé aládàáni wa ṣe ń ṣe é. Ọmọ yẹn lè ti wà ní SS1 ní September 2025. Ọmọ ọdún 13 ṣì ni nígbà yẹn. Tó bá gúnlẹ̀ sí England, Year 9 ni wọ́n máa gbé e sí, tí ìyẹn sì sún mọ́ JSS3 wa. Tó bá jẹ́ Ontario ní Kánádà ni, ọdún tí ọmọ máa pé 14 ló ń wọ Grade 9, nítorí náà Grade 9 náà ló bọ́ sí.

Màmá kan fárígá nígbà tí mo ṣírò ẹ̀ fún wọn báyìí, wọ́n ní ṣé gbogbo owó ilé ìwé táwọn ti san ló wọgbó yẹn. Mo ní Màmá, kò wọgbó, àárín ẹgbẹ́ ẹ̀ lọmọ ń lọ, àwa la sáré jù níbí. A fẹ́ràn kí ọmọ ti parí sẹ́kọ́ńdìrì ní ọdún 15, àwọn ará ibẹ̀ ò tiẹ̀ mọ ibi tí wọ́n fẹ́ gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí. Ẹ sọ fún ọmọ náà kó tó kúrò nílé o, kó má lọ jẹ́ pé ọjọ́ tó wọ kíláàsì ló máa mọ̀, torí ìtìjú yẹn máa ń dùn wọ́n ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ.

Kó parí WAEC kó tó lọ ni, àbí ká máa gbé e lọ báyìí?

Èyí gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà, tẹ́ ò bá ka ìyókù ẹ ka ibí yìí.

Ní England, GCSE ni ìdánwò tó dà bíi WAEC wọn. Ọdún méjì ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀, Year 10 àti Year 11, ọmọ ọdún 15 tàbí 16 ni wọ́n sì máa ń jẹ́ tí wọ́n bá fẹ́ ṣe ìdánwò ọ̀hún ní May sí June. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń fún wọn ní máàkì, 9 ló ga jù, 1 ló kéré jù, 4 ni wọ́n ń kà sí pé ó yege. Ẹ wá wo ọmọ tó kúrò ní Iléṣà nínú SS2, tó wọ Year 11 ní January. Oṣù mẹ́rin péré ló kù kí ìdánwò bẹ̀rẹ̀. Ìwé lítíréṣọ̀ táwọn yẹn ti ń kà láti ọdún tó kọjá, kò gbọ́ ọ rí. Sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ti ṣe dé ìlàjì, ibòmíràn ló ti bá a. WAEC tó yẹ kó ṣe nílé, ó ti fi sílẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì lè ṣófo, mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tó mọ̀wé dáadáa.

Nítorí náà, èrò tèmi rèé. Tí ọmọ ò bá tíì pé 14, ẹ máa gbé e lọ, bó bá ṣe yá tó ló dáa tó, kó lè bá wọn bẹ̀rẹ̀ Year 10. Tó bá ti wà ní ìparí SS2 tàbí SS3, tí nǹkan bá gbà yín láyè, ẹ jẹ́ kó dúró sọ́dọ̀ ìyá àgbà tàbí àbúrò yín kan kó fi WAEC ti May/June jókòó, kó wá tẹ̀ lé yín lẹ́yìn ẹ̀. Àwọn tó wà láàárín méjèèjì yẹn ni ọ̀rọ̀ wọn le, àwọn ọmọ ọdún 14 àti 15. Fún àwọn wọ̀nyẹn, ìbẹ̀rẹ̀ September ni kẹ́ ẹ lé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dé láàárín ọdún tẹ́ ẹ bá lè ṣe é, kẹ́ ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ilé ìwé bóyá wọ́n lè fi ọmọ sí Year 10 dípò Year 11. Àwọn kan máa ń gbà, àwọn kan ò ní gbà, pírínsípà ibẹ̀ ló mọ̀.

Ohun kan tó lè ba gbogbo ìṣirò yìí jẹ́ ni ọjọ́ orí nínú físà. Ọmọ tó fẹ́ tẹ̀ lé òbí lọ UK gbọ́dọ̀ má tíì pé 18 nígbà tí wọ́n ń ṣe àpílíkéṣọ̀n ẹ̀ àkọ́kọ́. Tó bá ku díẹ̀ kó pé 18, ẹ má tìtorí WAEC pàdánù físà. Ìgbà tó bá débẹ̀ wọ́n á mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ẹ tún rántí pé kì í ṣe gbogbo físà ló gba ọmọ mọ́. Láti January 2024, ẹni tó ń lọ kẹ́kọ̀ọ́ Master's tó jẹ́ ti inú kíláàsì ní UK ò lè mú ọmọ tàbí ìyàwó dání, àwọn tó ń ṣe PhD àtàwọn tó ń ṣe ìwádìí ló kù jù. Láti March 2024 náà ni wọ́n ti dí ti àwọn tó ń lọ ṣe kéà wákà, ní July 2025 wọ́n sì ti físà náà fúnra ẹ̀ pa fún ẹni tó ń bọ̀ láti òkèèrè. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun mọ ọ̀nà míì, ẹ kí i kẹ́ ẹ kọjá.

WAEC tó ti gbà yìí, ṣé ó já mọ́ nǹkan kan ní London?

Ó já mọ́ nǹkan. Láti 1952 ni wọ́n ti dá àjọ WAEC sílẹ̀, orílẹ̀-èdè márùn-ún ló sì ń lò ó lónìí, Nàìjíríà, Ghana, Sierra Leone, Gambia àti Liberia, wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa lọ́hùn-ún. Ọ̀pọ̀ ibi ló máa ń ka C6 sókè sí pé ó tó GCSE tó yege, yunifásítì tó pọ̀ sì wà tí C6 nínú English WAEC tó fún wọn, tí wọn ò ní béèrè IELTS, ìyẹn ìdánwò English táwọn àjèjì ń ṣe. D7 àti E8, tiwa níbí ni, ẹ má kó o fún ẹnikẹ́ni pé ó yege.

Ibi tí àṣìgbọ́ wà ni pé àwọn òbí rò pé ọmọ tó bá ti ní WAEC máa bọ́ sí yunifásítì tààrà. Rárá o. Níbẹ̀, ẹ̀yìn GCSE ni A-level, ọdún méjì gbáko, Year 12 àti 13, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní sixth form. Ibẹ̀ ni ọmọ ọdún 16 tàbí 17 tó ní WAEC máa bẹ̀rẹ̀, tàbí kó lọ kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ ṣe BTEC, ìyẹn ẹ̀kọ́ tó jẹ mọ́ iṣẹ́, tàbí kó ṣe foundation year, ọdún ìmúrasílẹ̀, ní yunifásítì tó bá gbà á. English àti maths ni kẹ́ ẹ ṣọ́ jù, ọmọ tí kò bá ní èyí tí wọ́n kà sí grade 4 nínú méjèèjì, wọ́n á ní kó máa tún un ṣe bó ṣe ń ṣe ìyókù.

Ilé ìwé kan lè ní kẹ́ ẹ mú ìwé láti UK ENIC wá, NARIC ni wọ́n ń pè é títí di 2021. Àwọn ló ń kọ ìwé tó sọ pé ìwé Nàìjíríà báyìí tó ìwé báyìí ní UK. Owó ni wọ́n ń gbà, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo ẹ̀ wà, ẹ̀yin fúnra yín lè ṣe é lórí fóònù, kò sí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fún ejẹ́ńtì níbẹ̀. Ẹ dúró kí ilé ìwé béèrè kẹ́ ẹ tó sanwó o, púpọ̀ nínú wọn ò béèrè.

Ìwé wo gan-an ló yẹ kí n gbà kí ọmọ tó kúrò ní Iléṣà?

Kẹ́ ẹ tó béèrè ìwé wo, ẹ béèrè ìgbà wo. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọọdún ni pé físà máa jáde ní August, tíkẹ́ẹ̀tì ti wà nílẹ̀, ìyá ọmọ á sáré délé ìwé, ó di géètì títì àti ẹ̀ṣọ́ tó jókòó sábẹ́ igi. Pírínsípà ti lọ sílé, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ káńbọ́ọ̀dù òǹtẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀ ti rìnrìn àjò. Ẹ gba gbogbo ìwé yìí kí tààmù kẹta tó parí ní July, kódà kí físà má tíì jáde. Tí físà ò bá wá jáde mọ́, kí ló sọnù? Ìwé ọmọ yín náà ni.

Ó wá kan ìwé fúnra ẹ̀. Rìsọ́ọ̀tì tààmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, láti JSS3 dé ibi tó dé, àwọn ojúlówó tí pírínsípà buwọ́ lù tí òǹtẹ̀ sì wà lórí ẹ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n yà fọ́tò lórí WhatsApp tí ojú ìka wà nínú ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, lẹ́tà láti ọ́fíìsì pírínsípà, lórí pépà tí orúkọ àti àdírẹ́sì ilé ìwé wà lókè, kó kọ ọjọ́ tí ọmọ wọlé, kíláàsì tó wà, ọjọ́ tó kúrò, èdè tí wọ́n fi ń kọ́ wọn níwèé, ìyẹn English, pẹ̀lú ímeèlì àti nọ́ńbà fóònù tí wọ́n lè pè. Ímeèlì tó ń ṣiṣẹ́ o. Tí ilé ìwé ò bá ní ímeèlì, ẹ bẹ pírínsípà kí wọ́n ṣí ọ̀kan, ilé ìwé kan lè kọ̀wé béèrè nǹkan láti Toronto, tí kò bá sí ẹni tó dáhùn, ọmọ yín ló máa jókòó sílé.

Ẹ gba tránsíkíríìpù náà, ìyẹn bébà kan tó to gbogbo súbújẹ́ẹ̀tì àti máàkì ọdún dé ọdún. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé wa ò ní fọ́ọ̀mù ẹ̀, pírínsípà á ní rìsọ́ọ̀tì ti tó. Ẹ fi sùúrù sọ fún wọn, kódà ẹ lè tẹ̀ ẹ́ fúnra yín ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tókọ́pì ní Ẹrẹ́jà, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú ìwé rẹ́kọ́ọ̀dù wọn kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀. Ọmọ tó bá ti parí SS3, kó gba tẹ́sítímóníà ẹ̀.

Báàtì sátífíkéètì, ti NPC ni, àjọ ìjọba tó ń ka iye èèyàn. NPC ní ọ́fíìsì ní ìjọba ìbílẹ̀, Iléṣà East àti West ní tiwọn. Àfidáfíìtì ọjọ́ orí tí wọ́n búra ẹ̀ ní kọ́ọ̀tù ò lè rọ́pò ẹ̀. Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ náà, Amẹ́ríkà àti Kánádà máa ń bi yín dáadáa, ẹ lọ tú àpótí ìyá àgbà wò.

72 ni ọmọ mi gbà nínú bàọ́lọ́jì, A ni wọ́n kọ sí i. Kí ló dé tí wọ́n ní C ni lọ́hùn-ún?

Torí pé ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé wa, 70 sókè ni A. Ní Amẹ́ríkà, 90 sókè ni A ní ọ̀pọ̀ ibi, 72 sì máa ń bọ́ sí C. Ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì ilé ìwé ní Houston, tí ẹ fún ní bébà tí 72 wà lórí ẹ̀ láìsí àlàyé, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀? Ohun tó ń wò náà ló máa kọ. Ọmọ tó ń ṣe ipò kejì nínú kíláàsì á wá di ọmọ tí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀wé.

Kí wọ́n kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ tránsíkíríìpù, iye tó jẹ́ A, iye tó jẹ́ B, iye tó jẹ́ pé ọmọ yege, àti iye ọmọ tó wà nínú kíláàsì tí ipò ẹ̀ bá wà níbẹ̀. Ìlà mẹ́ta péré ni. Mi ò tíì rí ilé ìwé tó fúnra ẹ̀ kọ ọ́, ẹ̀yin lẹ máa béèrè.

Ṣé mo lè ju rìsọ́ọ̀tì JSS3 nù, ṣebí SS ló ṣe pàtàkì?

Háà, ẹ má ṣe é! Ẹ ka ọdún wò: Primary mẹ́fà, JSS mẹ́ta, ó jẹ́ mẹ́sàn-án. Ní Amẹ́ríkà àti ní ọ̀pọ̀ ibi ní Kánádà, Grade 9 ni high school ti ń bẹ̀rẹ̀, JSS3 wa ló bá a mu. Ìyẹn ni pé lójú tiwọn, JSS3, SS1, SS2 àti SS3 ni high school ọmọ yín, kíréédìtì, ìyẹn póìǹtì tí ọmọ ń kó jọ lórí súbújẹ́ẹ̀tì tó bá yege kó tó lè gba dípúlómà, sì máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà gan-an máa ń béèrè máàkì Grade 9 dé 12. Junior WAEC náà, ẹ gba sátífíkéètì ẹ̀, ibi tó kù sí nílé ìwé látijọ́ ló ṣì wà.

Orúkọ tó wà nínú pásípọ́ọ̀tù àti ti ilé ìwé yàtọ̀ díẹ̀. Ṣé ó kan nǹkan kan?

Ó kàn án gan-an. Ẹ wo ọmọ kan tí bàbá ẹ̀ sọ ní Olúwatósìn, tí ìyá bàbá sọ ní Àdùkẹ́, tí wọ́n kọ Tosin sí rìsọ́ọ̀tì nọ́sìrì dé JSS, tí báàtì sátífíkéètì jẹ́ Oluwatosin Aduke, tí ẹni tó ṣe pásípọ́ọ̀tù sì gbé Aduke ṣíwájú. Orúkọ ìdílé náà ní ti Faṣanyà tó ti di Olúṣanyà látìgbà tí bàbá ti di àtúnbí, tí wọ́n sì tún kọ h sí Shanya níbì kan. Àwa mọ̀ pé ọmọ kan náà ni. Kọ̀ǹpútà ò mọ̀.

Pásípọ́ọ̀tù ni kẹ́ ẹ fi ṣe òdiwọ̀n. Ohun tó wà nínú ẹ̀ ni kí ilé ìwé kọ sí lẹ́tà àti tránsíkíríìpù, létà sí létà. Èyí tó kan jù ni ìforúkọsílẹ̀ WAEC, tísà ló máa ń tẹ orúkọ ọmọ sí kọ̀ǹpútà nínú SS3, ẹ lọ dúró tì wọ́n, ẹ kà á jáde, torí tí sátífíkéètì bá ti jáde pẹ̀lú àṣìṣe, àtún un ṣe máa gba owó àti ìrìn àjò. Àwọn rìsọ́ọ̀tì àtijọ́ tí orúkọ ẹ̀ yàtọ̀, ẹ má pa á rẹ́ o! Kí pírínsípà kọ lẹ́tà pé ẹnì kan náà ni Tosin yìí àti Oluwatosin yẹn, kẹ́ ẹ fi àfidáfíìtì kọ́ọ̀tù sí i. Ibi tí àfidáfíìtì ti wúlò nìyẹn.

Orúkọ ilé ìwé tó wà lórí ìwé ọmọ mi àgbà, kò sí ilé ìwé tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Kí la máa ṣe?

Ti Ọ̀ṣun nìkan lèyí, ẹ ò lè rí ìdáhùn ẹ̀ níbòmíràn. Nígbà ìjọba Arẹ́gbẹ́ṣọlá, wọ́n pín ilé ìwé ìjọba sí Elementary, Middle àti High School, ọdún mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́ta. Wọ́n da àwọn ilé ìwé kan pọ̀, wọ́n yí orúkọ àwọn kan padà. Ní 2020 ni ìjọba Oyètọ́lá dá a padà sí 6-3-3-4, tí wọ́n sì dá orúkọ àtijọ́ padà fún àwọn ilé ìwé. Nítorí náà, ọmọ tó kàwé lákòókò yẹn lè ní rìsọ́ọ̀tì tó pè é ní Grade 8 ní Middle School kan, kí ilé tó ti kà á wá máa jẹ́ orúkọ míì lónìí.

Ẹ lọ sílé ìwé tó wà ní ọgbà yẹn báyìí, kí wọ́n kọ lẹ́tà pé àwọn ni wọ́n ń jẹ́ báyìí láti ọdún báyìí dé ọdún báyìí, àti pé Grade 7, 8 àti 9 ìgbà yẹn ni JSS1, 2 àti 3. Tí wọn ò bá rí rẹ́kọ́ọ̀dù ẹ̀, ó di Òṣogbo, ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀. Kò rọrùn, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣe é.

Kánádà ńkọ́?

Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tiẹ̀, kò sí òfin ilé ìwé kan fún gbogbo Kánádà. Ní Ontario, kíréédìtì 30 lọmọ gbọ́dọ̀ ní kó tó gba dípúlómà sẹ́kọ́ńdìrì, ó máa ṣe iṣẹ́ ìlú ọ̀fẹ́ fún wákàtí 40, ó sì ní ìdánwò kíkà àti kíkọ kan lọ́tọ̀. Pírínsípà ibẹ̀ ló ń wo ìwé tó ti Nàìjíríà wá, tó sì ń sọ iye kíréédìtì tó jẹ́. Ẹ ríbi tí tránsíkíríìpù yẹn ti wúlò? Ọmọ tó kó máàkì JSS3, SS1 àti SS2 dé máa rí kíréédìtì gbà lórí ẹ̀, èyí tí kò mú nǹkan kan dé, ohun tó wu pírínsípà ló máa fún un. Ní Alberta, 100 ni kíréédìtì tiwọn, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kà á ló yàtọ̀.

Tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ WES, àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò ìwé ẹ̀rí láti ilẹ̀ òkèèrè, ti àwọn tó ti parí ìwé tó fẹ́ lọ yunifásítì tàbí wá iṣẹ́ nìyẹn jù. Ọmọ tó ń wọ Grade 10 ò nílò ẹ̀.

Amẹ́ríkà?

Dísírííkìtì ilé ìwé àdúgbò tẹ́ ẹ bá ń gbé ló ń gba ọmọ, ẹ̀rí àdírẹ́sì, abẹ́rẹ́ àjẹsára àti báàtì sátífíkéètì ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè. Ilé ìwé ìjọba ò gbọ́dọ̀ lé ọmọ tó ń gbé níbẹ̀ padà torí ìwé ìgbélùú, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ ti dá ẹjọ́ ẹ̀ láti 1982. Kauńsélọ̀ ilé ìwé ló máa ka kíréédìtì, ẹ jókòó tì í, ẹ má fi ọmọ nìkan sílẹ̀ níwájú ẹ̀, wọ́n lè ní kó tún algebra tó ti ṣe nínú SS1 ṣe, tí ẹ bá fi tránsíkíríìpù àti síkíìmù iṣẹ́ hàn wọ́n wọ́n lè gbọ́.

Tó bá jẹ́ físà F-1, ti akẹ́kọ̀ọ́, lọmọ dá gbà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: kò lè lo ju oṣù 12 lọ nílé ìwé sẹ́kọ́ńdìrì ìjọba, ó sì máa san gbogbo owó ẹ̀. Ilé ìwé aládàáni ni irú wọn máa ń lọ.

Ṣé ó di dandan kí n lọ lu òǹtẹ̀ sí ìwé ní Àbújá?

Fún ilé ìwé ìjọba ní England, Kánádà tàbí Amẹ́ríkà, wọn kì í sábà béèrè ẹ̀. Ẹ má lọ náwó mọ́tò. Tí ibì kan bá béèrè, ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ lẹ máa kọ́kọ́ lọ, kẹ́ ẹ tó lọ sí ti ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Jámánì ló máa ń le díẹ̀ jù, wọ́n á fẹ́ kí atúmọ̀ tó búra túmọ̀ ìwé sí èdè wọn, WAEC nìkan kì í sì sábà tó láti wọ yunifásítì wọn, ọ̀pọ̀ máa ń gba Studienkolleg kọjá, ìyẹn ilé ẹ̀kọ́ ìmúrasílẹ̀ fún yunifásítì.

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Manchester ní kí n fi ọmọ ránṣẹ́ sí òun pẹ̀lú físà àbẹ̀wò, kó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé níbẹ̀.

Físà àbẹ̀wò kì í ṣe físà ilé ìwé. Ọmọ tó bá fi wọlé ò lẹ́tọ̀ọ́ sí ilé ìwé ìjọba, tí wọ́n bá sì rí i pé ẹ ti pinnu ẹ̀ kó tó gbéra, irọ́ lẹ pa fún wọn nìyẹn. Físà wà fún ọmọ tó fẹ́ dá lọ kàwé, Child Student ni wọ́n ń pè é, láti ọmọ ọdún 4 dé 17, àmọ́ ilé ìwé aládàáni nìkan ló lè fi gbà á, owó wọn sì ga, láti January 2025 wọ́n tún ti fi VAT, owó orí ọjà, 20% lé e.

Tó bá tiẹ̀ ní físà tó yẹ, ọ̀dọ̀ ta ló máa gbé? Ẹ̀gbọ́n yín tó bá yín tan lóòótọ́, kò sí wàhálà. Àǹtí tẹ́ ẹ jọ wà ní kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, tí kì í ṣe ẹbí, òfin England ní kí wọ́n fi tó kánsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wọn, létí tí ọmọ tí kò tíì pé 16 bá máa gbé lọ́dọ̀ ẹ̀ fún ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kánsù á wá wo ilé àti yàrá tí ọmọ ń sùn. Ẹ má fi pamọ́, ẹni tó gba ọmọ yín sọ́dọ̀ lẹ fẹ́ kó sí wàhálà yẹn.

Bùrọ̀dá kan ní òun lè bá wa dín ọjọ́ orí ọmọ kù, òun sì lè ṣe rìsọ́ọ̀tì.

Ẹ sá fún un. UK lè fi ọdún 10 dí ẹni tó bá lo ìwé irọ́ lọ́nà, Kánádà fi ọdún 5. Orí ọmọ ló máa wà, kì í ṣe orí bùrọ̀dá.

Sátífíkéètì WAEC ti jóná nínú ilé. Ṣé ó ti tán nìyẹn?

Kò tán. Tẹ́lẹ̀, WAEC kì í tún sátífíkéètì ojúlówó ṣe, ìwé ẹ̀rí rìsọ́ọ̀tì tí wọ́n ń pè ní attestation ni wọ́n ń fúnni, àmọ́ láti 2023 wọ́n ti ń tún sátífíkéètì tó sọnù tàbí tó bà jẹ́ tẹ̀. Láti 2022 náà ni wọ́n ti ní sátífíkéètì orí íntánẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ lè fi ránṣẹ́ tààrà sí ilé ìwé. WAEC tún lè fi ìmúdájú rìsọ́ọ̀tì ránṣẹ́ sí wọn, àwọn tó ń béèrè ìyẹn ò ní gba èyí tí ẹ kó lọ́wọ́. Nọ́ńbà ìdánwò, ọdún àti orúkọ ilé ìwé lẹ nílò, ẹ kọ ọ́ sínú fóònù ẹni mẹ́ta nínú ẹbí.

A ti dé, kánsù ní kò sí àyè nílé ìwé tó wà nítòsí. Kí lọmọ máa ṣe?

Ẹni tó bá dé láàárín ọdún, kánsù ló máa ń bá a wá àyè, ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ máa pè wọ́n, ẹ máa kọ ímeèlì, ẹ má jókòó máa retí. Kó máa ka ìwé maths ẹ̀ tó kó láti ilé, kó máa lọ sí láíbìrì, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ní kó máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ náà, ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló mọ English lórí bébà, tí wọn ò gbọ́ tísà tó wá láti Liverpool ní oṣù àkọ́kọ́, wọ́n á wá fi wọ́n sí sẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí irú ẹ̀, ẹ lọ bá ilé ìwé sọ̀rọ̀ lẹ́yìn tààmù kan pé kí wọ́n tún tẹ́ẹ̀sì fún un. Àwọn òbí wa máa ń tijú, wọ́n rò pé àríwísí ni. Wọ́n ń retí kẹ́ ẹ wá.

Tó bá wá fẹ́ padà wá ṣe yunifásítì nílé ńkọ́?

Ó máa nílò C6 sókè nínú súbújẹ́ẹ̀tì márùn-ún, English nínú ẹ̀, àti maths fún ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì, kó sì ṣe JAMB. GCSE tó ní grade tó dáa, àwọn yunifásítì wa máa ń wò ó, àmọ́ ẹ kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ èyí tó fẹ́ lọ kó tó fọkàn sí i. Dípúlómà Amẹ́ríkà tàbí Kánádà ló máa ń fa àríyànjiyàn. Ọ̀nà tí kò ní wàhálà ni kó fi ẹ̀ẹ̀kan wálé forúkọ sílẹ̀ fún GCE, WAEC ti àwọn tí kò sí nílé ìwé, èyí tó ń wáyé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tàbí èyí tó ń wáyé ní ìdajì kejì ọdún. Tó bá ń bọ̀ láti ṣe é, kó tètè bẹ̀rẹ̀ sí í ka sílábọ́ọ̀sì ẹ̀ kó tó wọkọ̀ òfúrufú, torí Civic Education àti Yorùbá tó fi sílẹ̀ nínú JSS3, kò ní rántí.